Èébú ní Ṣọ́ọ̀bù Ìtẹ̀wé: Ohun Tí Ìrírí Fi Yé Mi

Ọjọ́bọ̀ ni ẹnu máa ń bàjẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé n'Íbàdàn á ti mọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń sin òkú, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìgbéyàwó, ìwé ètò tí wọ́n máa pín níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti délé kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú. Ẹlòmíì ti ra aṣọ ẹbí láti oṣù mẹ́ta, ó ti sanwó màlúù, ó ti gba gbọ̀ngàn, ó ti bá onílù sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló máa tó rántí pé àwọn àlejò nílò ìwé tí wọ́n á fi kọrin. Á gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ wá nínú fóònù, á ní ká bá òun tẹ igba, kó jẹ́ aláwọ̀, kó máa dán, òun á yà gbà á tí òun bá ń ti ọjà bọ̀. Kí iná wá lọ ní ọ̀sán yẹn, kí bébà há sínú ẹ̀rọ, kí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kó má dáhùn: ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu àwọn ọkùnrin tó wà ní yàrá ẹ̀rọ, ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé ìjà ti bẹ́.

Òkè-Àdó la wà. Ọkọ mi ló ń lọ wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ilé-ìwé àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé jáde ní Jẹ́ríkò. Èmi ni mo wà nídìí káńtà, nídìí owó àti nídìí àwọn òṣìṣẹ́. Tí ẹnì kan bá bú oníbàárà, èmi lọ́rọ̀ máa kọ́kọ́ dé bá. Àwọn tó ń ṣòwò bíi tiwa máa ń bi mí pé kí ni mo ṣe tí ariwo fi dínkù ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ó gùn ju ohun tí èèyàn lè dúró sọ lójú títì lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ má tan ara wa jẹ. Ìlú wa yìí kì í ṣe ìlú tó ń bẹ̀rù ẹnu. Oríkì rẹ̀ gan-an ló sọ pé ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún Òkèbàdàn á dé, tọkùnrin tobìnrin á jáde sí ìgboro, wọ́n á máa kọ orin tí èèyàn ò lè kọ níwájú àna rẹ̀, wọ́n á máa dárúkọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ aṣọ, kò sì sẹ́ni tó máa bínú. Òkè tó gba àwọn tó tẹ ìlú dó sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti jẹ òro tí wọ́n jẹ ìgbín, ni wọ́n ń bọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi àgbà kì í dáná lọ́jọ́ náà; oúnjẹ àná là ń jẹ. Ọmọ Ìbàdàn tó gbọ́njú síbí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ní ibi tirẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wa nìyẹn: ọjọ́ kan péré ni Òkèbàdàn, Abọkè, àwòrò tó ń bọ òkè náà, ò sì wá bọ ọ́ ní káńtà wa rí.

Èyí tó pọ̀ jù nínú èébú tí oníbàárà ń gbọ́ níbi iṣẹ́, kì í ṣe òun ni wọ́n ń bú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bá ara wọn ṣeré ni. Ẹni tó ń gé bébà á ní, “Ìyá ẹ!” Ẹni tó ń tò ó á dáhùn pé, “Ìyá tìẹ náà!” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á máa lọ. “Ọ̀dẹ̀”, “ayírí”, “orí ẹ ò pé”, láàárín wọn, bí ẹni ń kí ara wọn ni. Àwọn méjì kan wà níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ kí wọ́n pe ara wọn lórúkọ rí. Kódà, tí ẹnì kan bá dákẹ́ tí kò bú ẹnikẹ́ni láti àárọ̀, ìgbà yẹn ni mo máa ń bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Ṣùgbọ́n oníbàárà ò mọ̀ pé eré ni. Bàbá kan wá gba ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ, ó fi gíláàsì sójú, ó ń yẹ ìwé náà wò bóyá orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ pé. Ẹ̀rọ ń ké nínú lọ́hùn-ún, àwọn ọmọkùnrin ń pariwo kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn. Iná bá lọ. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó wà lẹ́nu ọmọ kan ò sì rí àyè padà sínú mọ́. A gbọ́ ọ ketekete: “Òkú ìyá ẹ!”

Bàbá yẹn gbójú sókè. Ó ní, “Màdáámù, ṣé èmi ni wọ́n ń bá wí?”

Mo ti wà lórí eékún kó tó sọ ọ́ tán. “Ẹ má bínú, Dádì. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ara wọn ni wọ́n ń bá ṣeré òmùgọ̀, wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbí. Ẹ dákun.”

Kò jà. Ó san ìyókù owó rẹ̀, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ, a ò sì rí i mọ́ láti ìgbà náà. Èèyàn á máa bẹ̀rù oníbàárà tó ń pariwo, nígbà tó jẹ́ pé oníbàárà tó ń pariwo ṣì fẹ́ kí o bẹ òun. Èyí tó kàn kó ẹrù rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́, o ò ní mọ iye èèyàn tó máa sọ fún níbi òkú yẹn.

Ohun tí mo rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹ̀rọ ló jẹ́ kí wọ́n máa pariwo, ẹ̀rọ náà ló sì tú wọn fó nígbà tó dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá á jókòó ti òṣìṣẹ́, á máa wàásù ìwà rere fún un, nígbà tó jẹ́ pé ògiri ni ṣọ́ọ̀bù ń fẹ́. Mo pe kápẹ́ńtà. Ó fi pílíwúùdù onílọ́po méjì dí àárín káńtà àti yàrá ẹ̀rọ, ó ki fóòmù sáàárín rẹ̀, ó sì ṣe ilẹ̀kùn tó máa ń tì fúnra rẹ̀ sí i. A gbé àga àwọn oníbàárà kúrò níbẹ̀ lọ sí iwájú, lábẹ́ fáànù, kó kọjú sí títì. Tí ohunkóhun bá ṣì jò jáde, ariwo fèrè àwọn onítakisí Máíkírà á bò ó. Kò wọ́n tó owó tí bàbá yẹn máa ná lọ́dọ̀ wa tó bá ń padà wá.

Lẹ́yìn ògiri yẹn, mo gbà kí wọ́n máa bú ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fara mọ́ èyí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ilé ìtajà òògùn sọ pé ẹnu tó bá ń bú ẹ̀rọ, lọ́jọ́ kan á bú èèyàn. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹni tó dúró láti aago méje àárọ̀ nídìí irin tó ti pé ju òun fúnra rẹ̀ lọ láyé, tí ẹ̀rọ sì ń fa bébà mẹ́ta wọlé dípò ọ̀kan, ó yẹ kó rí ibi tú u dà sí. Ẹ̀rọ ò ní ìyá tí wọ́n fẹ́ fẹnu kàn.

Ti ìyá èèyàn ni mo wá gbájú mọ́, kì í sì í ṣe ọmọ tó sọ̀rọ̀ náà ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ọkùnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ẹ̀rọ. Òun ló ń wa Kọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa. Ó ti ń tẹ̀wé kí n tó lọ́kọ, àkọ́bí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Lóòótọ́ èmi ni mo ń ka owó oṣù fún un, ṣùgbọ́n mi ò lè dúró lé e lórí kí n máa bá a wí bí ọmọ iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn yòókù ti kọ́ èébú. Tí ẹ bá gbọ́ nígbà tó bá ń bú ẹ̀rọ, ó lè bú u látorí róòlà títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ dákẹ́ tí òun ò dákẹ́, mo kàn ń fi ẹnu mi ṣòfò ni. Bí mo bá sì bá a sọ̀rọ̀ níwájú wọn, mo ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ọjọ́ kejì ló máa ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Mo dúró di ìgbà tó ń fi kẹrosíìnì fọ yíǹkì kúrò lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bàbá yẹn wá gan-an, tí àwọn ọmọ ti lọ.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun fún tòní.”

“A dúpẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀rọ yìí fẹ́ pa wá.”

“Bàbá tó wá gba ìwé ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó bi mí?”

Kò gbọ́. Mo sọ fún un. Mi ò ní kó ṣe báyìí, mi ò ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn sọ ìbéèrè ọkùnrin náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, mo sì dákẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ títí tí àkísà fi dúdú.

“Ó tó ẹni ọdún mélòó?”

“Á tó ẹgbẹ́ yín, Bàbá.”

Ó ní, “Ẹ fi í lé mi lọ́wọ́.”

Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó bá wọn sọ ọ́. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ tó ń gé bébà ni pé Bàbá ní ẹni tó bá tún fẹnu kan ìyá ẹlòmíì nínú yàrá òun, ẹni náà ló máa fọ gbogbo róòlà àti bláńkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rọ́bà tó ń gbé yíǹkì sórí bébà, fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí àwọn yòókù bá ń lọ sílé. Ẹni tó bá ti fọ róòlà tí yíǹkì ti gbẹ mọ́ rí mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìyà kékeré. Wọn ò di áńgẹ́lì o. “Ọ̀dẹ̀” àti “ayírí” ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá kúrò nílẹ̀, ohun tí èmi fẹ́ sì nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní rí ìkankan kó.

Ọ̀gá kan tí mo mọ̀, tí kì í ṣe àdúgbò wa, gbé kóló sórí káńtà. Èébú kan, igba náírà. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í san án ṣíwájú. Ọ̀kan nínú wọn ju ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní ti ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn oníbàárà wá ń dúró wò ó bí eré. Ọ̀gá náà bá gbé kóló kúrò, ó ní òun á máa gé e nínú owó oṣù. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé kó ṣọ́ra. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, sọ ọ́ ní abala 5 pé ọ̀gá ò gbọdọ̀ gé owó òṣìṣẹ́ nítorí fáìnì. Tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ dá gbèsè sọ́gàá lọ́rùn, ọ̀gá lè gé ìwọ̀nba tó tọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsà iṣẹ́ ti ìjọba, kí àṣẹ náà sì wà lákọsílẹ̀. Owó ìpẹ́lẹ́yìn, owó èébú, owó “o wọ sílípáàsì wá síbi iṣẹ́”, gbogbo ohun tí à ń gé káàkiri yìí, ẹni tó bá mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè fi pè wá lẹ́jọ́.

Èyí tó le jù ni kí òṣìṣẹ́ kọjú sí oníbàárà gan-an kó bú u. Ìyẹn ò ní ògiri tí a lè fi dí i.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà wa, ọmọ tó já fáfá ni. Ó mọ ìṣirò, kì í pẹ́ dé, owó ò sì dínkù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìyá kan wá gba káàdì ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó fi owó ránṣẹ́ látorí fóònù, ó fi hàn wá pé ó ti lọ lọ́dọ̀ tòun. Alááàtì ò wọlé sọ́dọ̀ tiwa. Ó dúró, ó dúró, oòrùn ń mú. Èmi wà lẹ́yìn níbi tí mo ti ń ka bébà, àwọn tó wà níbẹ̀ ló ròyìn ìyókù fún mi.

Ìyá náà ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rò pé màá wá jalè nítorí káàdì ni?”

Ọmọ yìí ní, “Mi ò pè yín lólè, Mà. Ẹnu yín lẹ fi pè é.”

Ìyẹn ti le, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé tún ṣe. Ìyá náà wá ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Ibẹ̀ ló ti tú u jáde: “Ẹ̀yin gan-an lẹ ò lẹ́kọ̀ọ́. Àgbàyà!”

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Kí ọmọdé pe àgbà ní àgbàyà lójú èrò, ó san kó ti ju omi sí i lára. Nígbà tí mo fi máa jáde, ìyá náà ti tú gèlè, ó ti fi so ìbàdí.

Mi ò bèèrè ẹni tó jàre. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì yíjú sí ọmọ náà, mo ní, “Lọ bá mi ka A4 tó wà lẹ́yìn.” Ó lọ. Ìyá náà fẹ́ kó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo oníbàárà àgbà n'Íbàdàn ló máa fẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá wọn jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ tí èèyàn fi ìbínú ṣe, ojú rẹ̀ á ṣì máa bú ẹni tó kúnlẹ̀ fún. Mo ní, “Mọ́mì, á wá bẹ̀ yín nílé. Mo ṣèlérí.” Mo kó káàdì fún un, owó wọlé tàbí kò wọlé.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀gá máa ń ṣe nírú àsìkò yẹn tí mi ò lè fara mọ́. Láti tu oníbàárà lójú, ọ̀gá á ní, “Ẹ má dá òpònú yẹn lóhùn, Mà. Orí rẹ̀ ò pé. Mo kàn ń fi àánú gbé e síbí ni.” Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá ń bú èèyàn níwájú oníbàárà báyìí? Òṣìṣẹ́ yẹn ti gbọ́ ọ. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé sọ ní káńtà, ó kù kóun náà dọ̀gá.

Nígbà tí ilẹ̀ tutù, mo pè é sínú ọ́fíìsì, mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò bi í pé kí ló dé tó fi bú èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè bẹ́ẹ̀, ẹkún tàbí awáwí ló máa mú wá. Mo ní kó ka ọjọ́ náà fún mi láti àárọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ọkùnrin kan ti fi alááàtì ayédèrú kó iṣẹ́ lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ fún mi. Ó ti ń ronú pé òun lòun máa san án, ó sì ti ń tọ́jú owó oúnjẹ rẹ̀ sápá kan. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, omi pọ́ọ̀wọ̀n nìkan ló ti mu. Nígbà tí alááàtì ìyá yẹn ò wọlé, ojú ọkùnrin ọjọ́sí ló ń rí.

Mo sọ nǹkan méjì fún un, mo sì pín wọn kí wọ́n má dàpọ̀. Gbèsè alááàtì ayédèrú, ti ṣọ́ọ̀bù ni, kì í ṣe tirẹ̀. Tí owó ò bá wọlé láti ìsinsìnyí lọ, kó má bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kó pè mí, èmi ni mo máa pinnu bóyá a ó kó ẹrù sílẹ̀ tàbí a ó dúró. Èkejì ni ti “àgbàyà”. Ebi ò lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀, ẹ̀rù ò sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Mo kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un, mo kọ ọ̀rọ̀ tó sọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, mo fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀. Owó ìyá náà wọlé ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sílé rẹ̀ ní Ọ̀jà'ba. Ọmọ náà kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe é. Ìyá náà bi í pé ọmọ ta ni, ìlú wo ni. Kí a tó dìde, ó ti rí i pé òun mọ ìyá rẹ̀ àgbà. Bí ìlú wa ṣe rí nìyẹn.

Ọmọbìnrin yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ẹlòmíì wà tí kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ gbà pé gbogbo oníbàárà lòpè. Ó ń sọ ọ́ sí wọn lójú, pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò sí ebi níbẹ̀, kò sí ẹ̀rù níbẹ̀, ó kàn ń gbádùn rẹ̀ ni. Ó gba ìkìlọ̀ lẹ́nu, ó gba ti ìwé, a sì ní kó máa lọ. Ẹ má lé èèyàn lọ lójijì o. Àkókò ìkìlọ̀ wà nínú òfin kan náà: tí kò bá tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan, tó bá ti ju oṣù mẹ́ta àmọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan, láti ọdún méjì títí kó tó pé ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì, tó bá ti pé ọdún márùn-ún, oṣù kan. Tí ẹ ò bá fẹ́ kó tún wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ san owó àkókò náà fún un kó máa lọ.

Mo ti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òṣìṣẹ́ nìkan ló ní ẹnu. Àwọn oníbàárà ńkọ́? Wọ́n á pe ọmọ ọlọ́mọ ní ẹranko nítorí fúlù sítọ́ọ̀pù. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ wa á dúró gbà á títí inú wọn á fi hó. Mo wá kọ́ wọn ní gbólóhùn kan: “Ẹ jẹ́ kí n bá yín pe ọ̀gá mi.” Kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi káńtà sílẹ̀. Èmi àgbà ni mo máa wá gba ìyókù, torí èébú tí àgbà ń bú ọmọdé kì í rọrùn fún un láti bú àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ti rọlẹ̀ kí n tó jókòó. Ọkùnrin kan wà tó gbá ọmọ iṣẹ́ wa létí nítorí pé “Alhaji” ṣáájú “Chief” nínú orúkọ bàbá rẹ̀. Mo ka owó àsansílẹ̀ rẹ̀ fún un, mo ní kó wá ibòmíì tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á kó ọlọ́pàá wá. A dúró dè wọ́n títí, wọn ò dé.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, Ọjọ́bọ̀ ṣì wà. Nígbà tí mo tò gbogbo ìjà tó ti ṣẹlẹ̀ jọ lọ́kàn mi, orísun wọn ò ju díẹ̀ lọ: orúkọ tí wọ́n kọ sódì, ọjọ́ orí tó yí padà láti 78 sí 87, oyè tí wọ́n gbàgbé, àti iṣẹ́ tí kò pé lásìkò. Nítorí náà a ò gba iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì mọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àfi tí oníbàárà bá ti ka àwòkọ́ rẹ̀ lórí WhatsApp tó sì ti kọ “ó tọ̀nà” ránṣẹ́ kí Ọjọ́rú tó parí. Ẹni tó bá wá sí káńtà, a ó fún un ní bírò kó fọwọ́ sí i lábẹ́ orúkọ òkú. Tí ó bá wá di ọ̀rọ̀, ìwé ló máa sọ̀rọ̀, kò ní kan ẹnu ọmọ ẹnì kankan. Ọkọ mi kùn, torí iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń sanwó gegere lé lórí, àwọn oníbàárà kan sì ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Kò tíì dákẹ́ kíkùn. Mo tún pín àsìkò oúnjẹ: tí ẹnì kan bá wà nídìí àmàlà, ẹnì kan á wà nídìí káńtà, iṣẹ́ pọ̀ àbí iṣẹ́ ò pọ̀.

Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni mi ò tíì mọ ohun tí mo máa ṣe sí ọ̀rọ̀ wọn dáadáa. Wọ́n ń kọ́ èébú kí wọ́n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé pléètì ìtẹ̀wé sórí ẹ̀rọ. Ìyá ọ̀kan wá bá mi, ó ní ọmọ òun bú àbúrò rẹ̀ nílé lọ́nà tí òun ò gbọ́ rí, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹn náà wà lára iṣẹ́. Mo gbé ìyẹn lọ bá Bàbá Ẹ̀rọ náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fún mi lésì.

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí òfin ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀, a ti ń fún wọn báyìí. Iye owó wà nínú rẹ̀, àsìkò iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ìsinmi wà nínú rẹ̀. Mo fi ìlà kan kún un: òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ bú oníbàárà, kò sì gbọdọ̀ bú ẹnikẹ́ni níbi tí oníbàárà ti lè gbọ́. Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i láìjanpata, àfi ọmọ tó ń gé bébà. Ó kà á, ó tún un kà, ó bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé àwọn oníná náà wà lára oníbàárà?”

Mo ní rárá. Ó gba bírò.